Ẹyẹ Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Na Wàsíù

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n na Wàsíù, àbúrò mi, nítorí pé ó súfèé lóru. Bayeku là ń gbé nígbà náà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá wa, ilé kẹta sí etí ọ̀sà. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé a kì í súfèé lálẹ́: ejò lẹni náà ń pè, bí kò bá sì jẹ́ ejò, á jẹ́ ohun tó ju ejò lọ. Lóru ọjọ́ tí mò ń wí, iná ò sí, gbogbo ilé ti dákẹ́, la bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé. Súfèé wẹ́wẹ́, bíi méje léra wọn, ohùn kan náà, kò lọ sókè kò wá sílẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìkánjú ka owó. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà dìde tòun ti ìgbálẹ̀. Wàsíù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ súfèé í sú lọ́sẹ̀ yẹn, etí gbogbo àdúgbò ti kún fún un, kò sì sẹ́ni tó tún wá ẹlẹ́bi lọ síbòmíì. Orí ẹní kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ sùn sí. Mo gbọ́ tó ń hanrun. Ìyá àgbà ní ó ń díbọ́n ni. Mi ò sọ nǹkan kan, torí mo mọ̀ pé bí n bá lanu, ìgbálẹ̀ yẹn lè ya ọ̀dọ̀ mi. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ. Lóru ọjọ́ yẹn, ẹnu ẹyẹ ló na Wàsíù.

Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí n tó mọ̀ pé ẹyẹ ni.

Tipa ni mò ń kà báyìí. Ibùdó yanrìn kan ni, létí ọ̀sà níhà Ìkòròdú níbí. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn wà lórí omi, páìpù ló ń pọ yanrìn tòun tomi sórí ilẹ̀, omi á ṣàn padà sínú ọ̀sà, yanrìn á kù bí òkè, katapílà á bù ú sẹ́yìn tipa, èmi á fa igi kan sínú ìwé. Igi mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n tipa kì í dé lẹ́sẹẹsẹ. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wọn lọ́nà Ṣàgámù, wákàtí kan, wákàtí méjì, lè kọjá kí ìkankan má yọjú. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ agbòòrùn fún wákàtí méjì, tí dátà ti tán lórí fóònù rẹ̀, kò sí ọgbọ́n míì, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹrẹ̀.

Ẹrẹ̀ náà wà lápá ọ̀tún mi, láàárín òkè yanrìn àti igbó ẹ̀gbà, àwọn igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò wọn máa ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Bí omi bá kún, o ò ní í mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ á yọ, á máa dán, ihò wẹ́wẹ́ á kún ojú rẹ̀ bí ojú asẹ́. Ihò akàn ni. Kì í ṣe akàn tí à ń fi se ọbẹ̀ o. Èyí kéré sí i, akọ rẹ̀ ní ọwọ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó gbogbo ara rẹ̀ yòókù, á sì máa jù ú sókè jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá dánfó tó ti kọjá lọ dúró.

Mo mọ lékeléke. Ta ni kò mọ lékeléke? Nígbà tí a wà lọ́mọdé a máa ń na ìka sí wọn pé kí wọ́n bá wa léékánná. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń sáré lẹ́bàá omi, mi ò tilẹ̀ kà wọ́n kún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ní ìparí oṣù kẹjọ, ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ kó tó tún padà, ẹyẹ kan bà sórí ẹrẹ̀ tí ojú mi ò lè fò. Ó tó àgbébọ̀ adìẹ tí kò sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àwọ̀ rẹ̀ ò ju ti ẹrẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ta funfun wẹ́wẹ́ sí. Ẹnu rẹ̀ lohun. Ó gùn, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi dòjé. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnu náà ti ṣẹ́ ni, mo tilẹ̀ ń káàánú rẹ̀.

Nígbà tí mo ra dátà, mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹyẹ etí omi, ẹnu gígùn tó tẹ̀. Àwòrán tó kọ́kọ́ yọ ni ti curlew. Ẹnu tẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn. Ó parí. Mo pa fóònù, mo di ọ̀mọ̀wé. Àwọn dírẹ́fà tipa ni mo kọ́kọ́ fi ìmọ̀ náà yangàn sí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Bàbá Kọ́líù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jẹ́ orúkọ ẹyẹ tí kò bà síwájú mi rí.

Ọmọbìnrin kan ló gba orúkọ náà lọ́wọ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó wá bu ẹrẹ̀ sínú ìgò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ó fi awò tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni kọ́rùn. Mo nàka sí ẹyẹ mi. Mo ní, “Àbúrò, curlew nìyẹn.” Ó gbé awò sójú, ó wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ máa ń rín kó má baà já àgbà nírọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi mọ̀ ọ́n?”

“Ẹnu ẹ̀.”

“Ẹ ò wo orí ẹ̀ ni?”

Ó bọ́ awò lọ́rùn fún mi. Fún ọdún méjì tí mo fi ń wo ẹyẹ yẹn, mi ò wo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu ló ti gba gbogbo ojú mi. Orí náà dà bí orí ọmọdébìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la irun rẹ̀ láàárín: dúdú lápá ọ̀tún, dúdú lápá òsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ díẹ̀ láàárín méjèèjì láti iwájú orí lọ dé ìpàkọ́. Lábẹ́ dúdú yẹn, ìlà funfun mìíràn gba òkè ojú kọjá, ìlà dúdú sì gba ojú gan-an. Orí curlew ò ní irú èyí. Ṣákálá ni.

Whimbrel lẹyẹ mi. Numenius phaeopus lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Òun àti curlew jẹ́ ọmọ ẹbí kan náà, orúkọ ẹbí wọn sì bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún oṣù tuntun tan, nítorí ẹnu tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ọmọbìnrin náà ò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní curlew máa ń tó 50 sẹ̀ǹtímítà sókè láti ẹnu dé ìrù, whimbrel kì í sábà ju 46 lọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ṣoṣo lórí ẹrẹ̀ gbalasa, kí lo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Bí ẹyẹ tó o mọ̀ dáadáa kò bá dúró tì í, títóbi rẹ̀ ń tan ojú jẹ ni. Ẹnu pàápàá yàtọ̀: ti curlew gùn jù, ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí, ti whimbrel á lọ gbọọrọ ná kó tó wá tẹ̀ wálẹ̀ níwájú. Bí ó bá fò, wà á rí funfun tó gùn láti òkè ìrù wọ àárín ẹ̀yìn, tó ṣe ṣóńṣó lókè. Èmi ti fẹ́ di èyí mú gẹ́gẹ́ bí àmì, àfi bó ṣe ní curlew náà ní i. Orí ni kí n wò.

“Tàbí kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀,” ló wí, ó sì tẹ fóònù rẹ̀.

Méje. Wẹ́wẹ́, ohùn kan náà, bí ẹni tó ń fi ìkánjú ka owó.

Tipa ń fun fèrè lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́. Mo ní kó tún un gbé. Ó tún un gbé. Ilé ìyá àgbà ni mo wà, lórí ẹní, Wàsíù ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tipa méjì ló jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tí mi ò fa igi fún, láti inú owó oṣù mi ni wọ́n sì ti yọ owó wọn. Àwọn dírẹ́fà gbìyànjú láti yí orúkọ mi padà sí Bàbá Wímbùrẹ́lì, kò rọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọ́n padà sí Kọ́líù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí dòní.

Àtìgbà yẹn ni mo tó ń wò ó bó ṣe yẹ kéèyàn wo nǹkan. Kì í sáré kiri bí àwọn kéékèèké. Á rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin, á dúró, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn akàn ti rí i, kálukú á ti wọ ihò rẹ̀. Á dúró dè wọ́n. Akàn kan tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ á yọjú. Nígbà náà ni ìdí ẹnu yẹn á tó yé ọ. Ihò akàn kì í lọ sísàlẹ̀ tààrà, ó máa ń yà, ẹnu ẹyẹ náà sì yà bákan náà, bí kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo mu. Á ti ẹnu bọ̀ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú, á yí orí, á fa akàn jáde. Kò ní í gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Á fi ẹnu di ọwọ́ ńlá yẹn mú, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí ọwọ́ á fi já, á wá padà mú akàn tó kù. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀, á gbé e lọ síbi tí omi dá ọ̀gọ̀dọ̀ sí, á ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó sọ ọ́ sọ́fun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyẹn, mo pariwo. Ẹyẹ tó ń fọ oúnjẹ! Dírẹ́fà kan ní àwọn ọmọ òun nílé ò tíì mọ ìyẹn í ṣe.

Ó láàlà pẹ̀lú. Bí irú rẹ̀ bá bà sórí ẹrẹ̀ tó kà sí tiẹ̀, á rẹ orí sílẹ̀, á sáré lé e títí yóò fi gbéra. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá kún, tí ẹrẹ̀ ò sí mọ́, ìjà á tán. Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé ṣe ni wọ́n ń lọ sílé ibòmíì lásìkò yẹn. Ọjọ́ kan ni mo gbójú sókè wo igbó ẹ̀gbà, mo rí márùn-ún lórí ẹ̀ka, wọ́n kọjú sí afẹ́fẹ́, àwọn tó bára wọn jà láàárọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí èrò inú mọ́lúè. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ẹyẹ ẹrẹ̀, lórí igi! Mi ò bá ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Ohun tó yé mi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti òru. Omi ni aago ẹyẹ yìí, kì í ṣe oòrùn. Omi ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, ó sì ń pẹ́ tó nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú sí i lójoojúmọ́, nítorí náà ẹrẹ̀ tó yọ lọ́sàn-án lọ́sẹ̀ yìí, òru ló máa yọ nígbà míì. Nígbà tó bá yọ ni whimbrel ń jẹun, òkùnkùn kò kàn án. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, tàbí tó bá fẹ́ gbéra, á ké. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilé wa lóru ọjọ́ yẹn kò bá ti ẹnikẹ́ni wá. Omi ló fà.

Mo lọ sí Bayeku lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ kan, mo bá bàbá apẹja kan tó ti mọ̀ wá láti kékeré, mo súfèé náà fún un, ọ̀sán gangan ni o, mo ní ṣé wọ́n mọ ohun tó ń ké bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. “Ẹyẹ ni.” Mo ní kí lorúkọ rẹ̀. “Orúkọ wo lo tún ń wá? Mo ní ẹyẹ ni.” Mo bi wọ́n ṣé wọ́n ti mọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń dẹ àwọ̀n lóru, ta ni kò ní í mọ̀? Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún ìyá àgbà. Bàbá ní ìyá àgbà ò bi àwọn.

Ọ̀kan wà láàárín àwọn ẹyẹ náà tí okùn ọ̀rá àwọ̀n wé mọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ti já, ó ń tiro díẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Okùn. Ní ìparí oṣù kẹrin, mi ò rí i mọ́. Mo ti gbà pé ó tán. Oṣù kẹsàn-án ni mo gbórí sókè lórí ìwé mi, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó ṣẹ́, níbi tó máa ń dúró sí gẹ́lẹ́, okùn ṣì wà lẹ́sẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì. Àwọn onímọ̀ tó ń so òrùka mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ti rí irú èyí dáadáa: ibi tí whimbrel bá ti lo ìgbà òtútù kan, ibẹ̀ náà ló máa ń padà sí. Mi ò mọ òrùka kankan. Okùn apẹja ló ṣiṣẹ́ òrùka fún mi.

Níbo ló ti ń lọ tó ti ń bọ̀? Iceland, Scandinavia, Rọ́ṣíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé, ẹyin mẹ́rin lórí ilẹ̀ láàárín koríko, akọ àti abo jọ ń sàba, kò sì pẹ́ tí ọmọ bá jáde tí yóò fi máa rìn. Níbẹ̀, kòkòrò àti èso wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan ní Iceland. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2016, ni pé wọ́n gba orí òkun Atlantic wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láìbà síbì kankan, ọjọ́ bíi márùn-ún, ọ̀nà tó wà láàárín 3,900 sí 5,500 kìlómítà. Kò sì lè sọ̀ sórí òkun kó sinmi bíi pẹ́pẹ́yẹ. Èmi, láti Ìkòròdú dé CMS nínú dánfó, oorun mẹ́ta ni mò ń sùn. Nígbà ìpadàlọ, nínú oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, àwọn tó ń lọ sí Iceland sábà máa ń ṣẹ́wọ́ sí Ireland àti ilẹ̀ Britain kí wọ́n tó parí ìrìn wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì tó ọmọ bí lè má lọ rárá lọ́dún àkọ́kọ́. Bó o bá rí ọ̀kan ṣoṣo lórí ẹrẹ̀ nínú oṣù kẹfà, tí òjò ń pa á, má rò pé àìsàn ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ì bá wù mí kí n fò. Lọ́dún tó kọjá, ibùdó wa fẹ̀ sí i. Wọ́n yí ẹnu páìpù kọjú sí apá ọ̀tún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yanrìn bo nǹkan bí ìdajì ẹrẹ̀ náà, gbogbo ihò dí, ojú ilẹ̀ funfun báláú. Akàn kì í gbé inú yanrìn tútù bẹ́ẹ̀. Márùn-ún tí mo máa ń kà lórí igi di méjì. Èmi ni mo ka tipa tó gbé yanrìn yẹn lọ, igi kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ mi, láti inú rẹ̀ ni mo ti san owó ilé-ìwé ọmọ mi ní sáà yẹn. Ẹbí wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní slender-billed curlew; Mòrókò ni wọ́n ti rí i dájú kẹ́yìn, ní 1995, wọ́n sì ti wá kéde pé ó ti tán láyé. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo wo òkè yanrìn, mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo pa fóònù.

Ẹlẹ́sẹ̀ Okùn wà nínú àwọn méjì tó kù.

Wàsíù ń gbé ní Ireland, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Lóṣù tó kọjá, omi fà lálẹ́, mo dúró lẹ́yìn iṣẹ́, mo gbé fóònù sókè, mo gba ohùn ẹyẹ náà sílẹ̀ nígbà tí ajá ẹ̀ṣọ́ lé e gbéra. Mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Mo kọ sábẹ̀ rẹ̀ pé, “Gbọ́ ẹni tó súfèé.” Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú oṣù karùn-ún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́ padà, ẹ̀rín gidi, ohùn ẹ̀ ni mo gbọ́, ó ń rín in títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí Ọlọ́run forí ji ìyá àgbà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọ̀rọ̀ mìíràn lórí fóònù, kúkúrú:

“Bọ̀dá mi, ṣé ẹ lajú lóru ọjọ́ yẹn?”

Mo kọ èsì kan, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn. Tipa kan yà wọlé láti ojú títì, ó fun fèrè. Mo ti fóònù bọ àpò, mo fa igi kan sínú ìwé.